Fìtílà Méjìlá fún Iṣápá

Ẹ ti gbọ́ ọ rí táwọn àgbà ń sọ pé ẹni tó bá tan fìtílà fún iṣápá, ewé ni yóò ká? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mu ẹmu yó. Ọ̀rọ̀ Jọ́láyẹmí ará Òkè-Ọ̀pẹ ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Jọ́láyẹmí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìwàǹwára ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná, òun á ti fọwọ́ tán. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, á ti bá yín parí ẹ̀, kò sì ní parí ẹ̀ síbi tí ẹ ń lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ibà dá ìyá rẹ̀ wó láàárín òjò. Ibà lọ, ṣùgbọ́n ó gbé ẹnu ìyá lọ. Wọ́n gún iyán, ìyá ní ó korò. Wọ́n fún un lẹ́kọ, ó kọjú sí ògiri. Apá rẹ̀ wá tín-ín-rín, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ba Jọ́láyẹmí gan-an.

"Ìyá mi, kí lẹnu yín ń fẹ́?"

"Àkànó ọmọ mi, iṣápá ni. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀gúsí sè, tó máa kan díẹ̀ lẹ́nu. Bí mo bá rí ìyẹn, màá jẹun."

Jọ́láyẹmí di ẹ̀yìnkùlé. Iṣápá wà níbẹ̀ lóòótọ́, láti abẹ́ fèrèsé ìyá títí dé ìdí ọgbà, ó tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò ní òdòdó kan ṣoṣo. Bí kò bá sì yọ òdòdó, kò ní so ohun tí à ń sè. Ó sáré tọ Baba Fátóyè aládùúgbò rẹ̀ lọ, ẹni tó ti ń gbin iṣápá kí wọ́n tó bí i.

"Baba, kí ló ń dá iṣápá dúró?"

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Iṣápá mọ ìwọ̀n ọjọ́ ju èmi àti ìwọ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń wò, bó bá ti…"

"Mo ti gbọ́, Baba, ẹ ṣé!" Ó ti dé ìta.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni? Bí ti oòrùn ò bá tó o, Jọ́láyẹmí á fi tiẹ̀ kún un. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé fìtílà kan sáàárín iṣápá, ó bu epo kún un kó lè jó dàárọ̀. Ọjọ́ keje pé, kò sí òdòdó. Ó ní fìtílà kan ò tó. Ó di mẹ́rin, ó di méjìlá. Gbogbo epo inú ilé, fìtílà ló ń mu ún, Ṣíjúwadé ìyàwó rẹ̀ wá ń se ọbẹ̀ funfun. Èsúnsún gbogbo àdúgbò rọ́ dé. Àwọn àkùkọ rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń kọ nígbà tó bá wù wọ́n, àwọn obìnrin á gbé ìkòkò dódò tán kí wọ́n tó rí i pé ilẹ̀ ò tíì mọ́.

"Baálé mi," ni Ṣíjúwadé wí, "ẹ jẹ́ ká padà lọ bi Baba Fátóyè."

"Kí ni mo tún fẹ́ bi wọ́n? Ṣé o ò rí bó ṣe ń dàgbà ni?"

Ó kúkú ń dàgbà. Ó ga ju Jọ́láyẹmí lọ, ó ń bá òrùlé dọ́gba. Ewúrẹ́ jẹ ewé rẹ̀ títí ó fi sú ewúrẹ́. Láràárọ̀ ni Jọ́láyẹmí ń dúró sáàárín ewé yẹn, tí yóò máa gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀ láti inú yàrá, tí ọkàn rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Kí ni igi yìí ń dúró dè? Ta ló ń sọ fún un pé kò tíì tó àkókò?

Ìyá ò sì rí oorun sùn, nítorí fìtílà ń tàn sí i lójú. Kò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó ní kí Ṣíjúwadé ti fèrèsé pa, kó sì so ẹní àtijọ́ kan rọ̀ láti etí òrùlé. Iṣápá mẹ́ta bọ́ sáàárín ẹní àti ògiri. Lọ́sàn-án, oòrùn ń bá wọn láti òkè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ fìtílà ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó tún wo ẹ̀yìn ẹní náà mọ́.

Òjò dá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, omi ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀ ni ìyá ṣì fi ń gbé ẹ̀mí ró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Baba Fátóyè gbé apẹ̀rẹ̀ iṣápá wá sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ìyá jókòó sí. Ìyá na ọwọ́ sí i.

"Rárá o!" ni Jọ́láyẹmí pariwo. "Ẹ má bínú, Baba. Iṣápá oko ẹlòmíràn kọ́ ni ìyá mi máa jẹ. Bí tiyín tó kúrú bá ti so, tèmi ti so lókè, a ò kàn rí i ni."

Ó gbé àkàbà ti etí òrùlé, ó gun ún.

"Àkànó, sọ̀ kalẹ̀," ni ìyá ń wí.

Jọ́láyẹmí ya ewé sọ́tùn-ún, ewé ló bá. Ó ya ewé sósì, ewé náà ni. Ó tún nà síwájú díẹ̀ sí i. Àkàbà yẹ̀. Ọkùnrin bá ẹní lọ, ẹní já, ó fi ìdí balẹ̀ gbì!

Nígbà tó máa la ojú, iṣápá ló kún ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe ewé o, ojúlówó iṣápá! Àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn ẹní, tí wọn ò ga ju ìbàdí lọ, ti so jìngbìnnì.

"Báwo ló ṣe jẹ́?" ó ń bèèrè láti ilẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí ò rí fìtílà rárá!"

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn," ni Baba Fátóyè wí. "Ṣé màá lè parí ọ̀rọ̀ mi báyìí? Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń wò; bó bá ti rí i pé ó ń kúrú, tí òkùnkùn ń gùn sí i, ló máa mọ̀ pé òjò ń lọ, á wá yọ òdòdó. Ìwọ wá tan méjìlá tì í. Látọjọ́ yẹn, iṣápá rẹ rò pé ọ̀sán ni, ó ń dúró kí ilẹ̀ ṣú!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ látìgbà òjò. "Àkànó, o ò jẹ́ kí iṣápá sùn, o ò jẹ́ kí èmi náà sùn! Ṣíjúwadé, yọ èyí tó wà lẹ́nu ọkọ rẹ, kó o sè é mọ́ ti Baba."

Ìyá jẹ iyán tán, ó ní kí wọ́n bù sí i. Jọ́láyẹmí ò lè jókòó, ẹ ṣáà mọ ohun tó fà á. Ó dúró ti ògiri, ó ń wo òkèlè ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò kánjú títí ìyá fi lá ọwọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tó dúró kí ẹnìkan parí nǹkan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ ṣán àwọn iṣápá gíga yòókù. Ogójì apẹ̀rẹ̀ ewé ló ká. Bí àwọn ewúrẹ́ ṣe rí i tó ń gbé e bọ̀, ṣe ni wọ́n sá wọgbó. Ó yá, ẹ tún rẹ́rìn-ín kí n rí i: ẹni tó bá tan fìtílà fún iṣápá, ewé ni yóò ká.