Ọkọ̀ Sójà Róòmù Lẹ́yìn Ilé Wa ní Festac

Ọjọ́ tí a ya ọkọ̀ wa sí mímọ́ ní Festac, mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé, inú sì ṣì ń bí mi dòní o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, kí ẹ bá mi ṣèdájọ́.

Odò kan wà lẹ́yìn kúlóòsì wa, ìyẹn òpópónà ilé wa, ibẹ̀ làwọn olè ń gbà wọlé. Wọ́n á tukọ̀ wá, wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n tiẹ̀ gbé fíríísà tí ìyàwó mi fi ń ta ẹja. Èmi ni alága ètò ààbò. Nípàdé lándílọ́ọ̀dù, wọ́n ní bí olè bá tún wọlé, kí n gbé ipò sílẹ̀. Èmi tí mo ṣe ọ̀gá níléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì!

Mo bá lọ kàwé. Mo rí i pé nígbà tí ìjọba Róòmù àtijọ́ ń darúgbó, táwọn ọ̀tá ń sọdá odò wá kó wọn lẹ́rù, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ làwọn sójà wọn fi ń ṣọ́ odò. Àjẹ̀ lọ́tùn-ún, àjẹ̀ lósì, ìwọ̀nba sójà nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀tá, kíá, wọ́n ti bá a. Mo ya àwòrán ẹ̀ fún káfíńtà kan ní Kuje tó wà nítòsí wa níbí, ó sì kàn án dáadáa. Èèyàn mẹ́fà péré ló gbà. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ pé. Èmi rò pé pásítọ̀ ìjọ wa á dúró lórí ilẹ̀, á gbàdúrà, ó parí. Wọ́n ní rárá o, inú ọkọ̀, lórí omi, ni wọ́n ti máa gbàdúrà. Pásítọ̀ wọlé. Ìyá Ìjọ wọlé tòun ti gèlè. Gbogbo akọrin wọlé. Alága lándílọ́ọ̀dù ní wọn ò lè fi òun sílẹ̀.

Mo pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ sójà lèyí o, kì í ṣe bọ́ọ̀sì ìjọ!"

Pásítọ̀ ní, "Alága ààbò, ẹ ní ìgbàgbọ́."

Ìgbàgbọ́ kẹ̀! Omi ti ń wọ bàtà mi.

Ẹni tó ń ya fọ́tò létí omi wá ní kí gbogbo wa sún sápá kan ká lè hàn. Gbogbo wa sún. Ọkọ̀ náà ò bá wa jiyàn, ó dojú dé. Omi ọ̀hún ò ju ikùn mi lọ, àmọ́ ẹrẹ̀ ibẹ̀! Aṣọ funfun pásítọ̀ wá dà bí aṣọ mẹkáníìkì Trade Fair. Ìyá Ìjọ so mọ́ mi lọ́rùn, ó ń pe Jésù, ó ń ṣépè fún mi. Ìyàwó mi tó wà lórí ilẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àbí irú kí lèyí?

A fa ọkọ̀ náà sétí omi kó lè gbẹ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a ò bá a níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé omi ló gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí alága lándílọ́ọ̀dù fi wá ń gbá ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. Olè ti gbé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ẹ rí wọn?"

"Mo rí wọn kedere! Ọkọ̀ yín ni wọ́n gbé wá!"

Ó ní wọn ò pọ̀ nínú ẹ̀, kálukú wọn mú àjẹ̀ tiẹ̀, wọ́n sì sáré bí ẹni pé sójà Róòmù ló kọ́ wọn. Bí àwọn lándílọ́ọ̀dù ṣe gba ipò lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé orí ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa gbàdúrà fún ọkọ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Àmọ́ kí n má purọ́, bí mo bá dá jókòó, ẹ̀rín máa ń pa mí: ọkọ̀ mi mà yára o!