Sáfà Samsudeen àti Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà

Kọ̀ǹpútà tí Samsudeen sọ di sáfà yẹn, ẹ bá mi wò ó! Ojú rẹ̀ ti fọ́, lẹ́tà mẹ́rin ti yọ lórí rẹ̀, bátìrì rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Tó bá tàn án, á máa ké wùrùrùrù, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí ẹ̀rọ ìlọta.

Nǹkan tí wọ́n ń jù nù ní Ìsẹ́yìn ló gbé sórí tábìlì. Ó so ó mọ́ sólà, ó ní sáfà yìí ló máa gbé wẹ́bùsáìtì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wẹ́bùsáìtì ti délé àwọn.

Alhaji Ràmọ́nì, olórí ẹgbẹ́ ahunṣọ òkè, gbọ́, ó sì wá.

"Samsu, bá a bá kó àwòrán aṣọ wa síbẹ̀, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò ní wọlé bà á jẹ́?"

"Baba, ẹ̀fọn gan-an ò lè wọbẹ̀!"

"Ó dáa. Òní ni Ọjọ́rú. Bí mo bá kírun Jímọ̀ tán tí mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ di tìẹ. Bí wọ́n bá wọlé pẹ́nrẹ́n, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ẹ mọ́!"

Iṣẹ́ yìí ni Samsudeen gbójú lé. Ó ti ta káàdì rí, ó forí ṣánpọ́n. Ó bá wọn ṣájì fóònù, fóònù méjì jóná. Ìyá Àgbà ló ṣì ń bọ́ ọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!

Ló bá pe wẹ́dà. Wẹ́dà jó irin yí sáfà ká, gbàgà! gbàgà! Iná ń ta pàrà. Wọ́n fi àgádágodo méjì tì í.

Ariwo yẹn ló lé ewúrẹ́ Ìyá Àgbà jáde. Kò sẹ́ni tó rí i mọ́.

"Samsu, ewúrẹ́ mi! Bá mi kéde ẹ̀ nínú íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ yẹn."

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, sáfà mi kì í ṣe ti ewúrẹ́."

Ìyá Àgbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wọlé lọ.

Ó wá ku pásíwọ́ọ̀dù. Samsudeen ronú títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Oríkì rẹ̀ ló fi ṣe é! Olè wo ló wà nílẹ̀ òkèèrè tó mọ oríkì ọmọ Ìsẹ́yìn?

Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹnu rẹ̀ ò lè dákẹ́.

"Àlàó... ọmọ ahunṣọ-kówùú-má-já..."

Ìyá Àgbà á sì gbà á látìta: "Ọmọ ajókòó-dáṣọ-fọ́ba! Jẹun kó o tó sùn o!"

Ẹ̀rín ń pa mí!

Ọjọ́ méjì gbáko ni Samsudeen fi jókòó ti irin yẹn, kùmọ̀ lọ́wọ́, bí ẹni pé olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa gba ojú fèrèsé wọlé.

Nígbà tó di Jímọ̀, Alhaji dé, ó ṣí fóònù rẹ̀. Aṣọ òkè pé síbẹ̀. Àmọ́ lókè pátápátá, gàdàgbà-gadagba:

ẸNI TÓ BÁ RÍ EWÚRẸ́ ÌYÁ ÀGBÀ, DÚDÚ NI, ETÍ RẸ̀ KAN YA, Ó FẸ́RÀN ÒWÚ.

Samsudeen figbe ta. "Yéè! Àwọn ará Rọ́ṣíà ti wọlé!"

"Rọ́ṣíà wo?" Waheedat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ránṣọ lọ́ọ̀dẹ̀, gbójú sókè. "Ọkọ mi, ẹ má bínú. Ìyá Àgbà ló ní kí n kọ ọ́. Mo fi fóònù mi wọlé."

"Báwo lẹ ṣe mọ pásíwọ́ọ̀dù mi?!"

"Ṣé oríkì ilé wa kọ́ ni? Ìyàwó wo ló máa wọ ilé yìí tí ò ní mọ oríkì ọkọ? Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ gbójú fo 'Ọmọ ajókòó-dáṣọ-fọ́ba.' Mo ti bá yín fi sí i."

Háà! Samsudeen ju kùmọ̀ sílẹ̀.

Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó tún fóònù wò, ó sún un mọ́jú.

"Dúdú? Etí kan ya? Ó fẹ́ràn òwú? Láti Ọjọ́rú ni òṣìkà ewúrẹ́ yìí ti ń jẹ òwú mi! A kéde ẹ̀ ní mọ́sálásí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wẹ́bùsáìtì yìí mà ń ṣiṣẹ́ o!"

Ojú Samsudeen tàn. "Ẹ ṣeun, Baba! Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?"

"Ìwọ kẹ̀? Waheedat ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Sáfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Waheedat báyìí, ó ń ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Irin tí wẹ́dà jó ńkọ́? Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Samsudeen, tó so kọ́kọ́rọ́ méjèèjì mọ́rùn, ló ń já ewé fún un.

"Samsu, ṣó o tì í dáadáa?"

"Ìyá Àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀fọn gan-an ò lè wọbẹ̀."