Ẹṣin Tó Wọ Aṣọ Ìyàwó

Ẹjọ́ ẹṣin ló kó wa jọ sí ààfin lánàá, ní Gwagwalada níbí. Ààfin tí mo wí yẹn, pálọ̀ Baálẹ̀ Yorùbá ni o, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì. Ẹ má bi mí ní ìbéèrè. Ibi tí ọba bá jókòó sí, ààfin ni. Yínúsà ará Ìlọrin, tó ń fi ẹṣin rẹ̀ háyà fún àwọn olóyè, ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Sàlímọ́tù ará Kàbà, ìyàwó rẹ̀, ló sì pè é. Ẹṣin yìí kan náà ni Baálẹ̀ gùn lọ́jọ́ Mọ́lúdù, tí gbogbo wa ń hó yèè.

"Sàlímọ́tù, ro tẹnu rẹ," ni Baálẹ̀ wí.

"Kábíyèsí, aṣọ òfì tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun, tí mo dà bora wọlé ọkọ, ẹ̀yìn ẹṣin ni mo ti bá a! Fèyí ọmọ mi ló fẹ́ dà á bora lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ṣé òórùn ẹṣin ni ọmọ mi máa gbé wọlé ọkọ?" Omi lé ròrò sí i lójú. "Ìyá mi ti kú. Ta ló máa hun òmíràn?"

Ìyálóde Ẹfúnróyè, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, pòṣé.

"Yínúsà, kí lo rí lọ́bẹ̀ tó o fi waaro ọwọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Ọyẹ́ ni. Bí ẹṣin bá sáré délé, tó làágùn, tí ọyẹ́ fẹ́ lù ú, ikọ́ ló kàn. Màmúdù tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní aṣọ méjì ló nílò: fẹ́lẹ́ tó máa fa òógùn, àti èyí tó nípọn tó máa fi sùn. Mo wá èyí tí kò wọ́n yí ọjà po. Bùláńkẹ́ẹ̀tì gidi, ojú lásán ni mo fi rà á. Ti òkìríkà, ó ń yún ẹṣin, ó fi ara họ ògiri títí aṣọ fi ya. Mo fi tápólì bò ó, òógùn há sínú ẹ̀. Ni mo bá wọlé, mo ṣí àpótí…"

"Àpótí ta ni?"

"Àpótí… ilé wa ni, Kábíyèsí. Aṣọ wo ló tún dínwó ju èyí tó ti wà nílé lọ?"

"Olè!" Sàlímọ́tù fò dìde.

"Ìyá Fèyí, ìyá rẹ ni mo bu ọlá fún o! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ni aṣọ yẹn ti ń sùn. Èmi ni mo mú un jáde kí ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Sàlímọ́tù pe Màmúdù kó wá jẹ́rìí.

"Sànnu, Baálẹ̀. Mo sọ fún un pé kò dáa. Aṣọ ìyàwó kì í ṣe aṣọ ẹṣin."

"O ṣeun," ni Sàlímọ́tù wí.

"Ṣùgbọ́n kai! Aṣọ yẹn ṣiṣẹ́ o! Ó fa òógùn gbẹ. Ẹṣin ò wúkọ́ mọ́. Madámù, ṣé irú ẹ̀ tún kù nínú àpótí?"

"Ẹlẹ́rìí ta gan-an ni ìwọ?" ni Sàlímọ́tù bi í.

"Ti ẹṣin ni."

Yínúsà náà pe Abíọ́nà télọ̀, aládùúgbò rẹ̀.

"Kábíyèsí, àkísà lásán ni. Mi ò tiẹ̀ rí i dáadáa."

"Àwọ̀ wo ni?" Ìyálóde bi í.

"Ó pupa, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀, ó ń dán! Mo tiẹ̀ bi ẹṣin pé ìyàwó ta ló ń lọ gbé."

"Àkísà tí o ò rí dáadáa?"

Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Yínúsà, ẹni tí ọkùnrin bá da aṣọ ìyàwó bò, tó sì mú wọlé rẹ̀, kí là ń pè é?"

"Ìyàwó ni, Kábíyèsí."

"O ti fẹ́ ìkejì nìyẹn. Kú oríire."

"Kábíyèsí, akọ ni!"

"Kò kàn mí, ìwọ lo fẹ́ ẹ. Sàlímọ́tù ni ìyáálé. Láti òní lọ, ìyàwó kékeré á máa ru ẹrù ìyáálé rẹ̀ lọ sọ́jà. Ìyàwó tuntun kì í dá rìn, ìwọ lo máa fẹsẹ̀ rìn níwájú, kí o máa fa ìjánu. Kó tó di Sátidé, ìwọ lo máa fọ òfì yẹn. Imú Ìyálóde la ó fi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí ni ẹṣin máa dà bora, Kábíyèsí? Ọyẹ́ á pa á!"

"Ọkọ ní ń raṣọ fún ìyàwó."

Pálọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Sàlímọ́tù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Kábíyèsí, ó ku ìbéèrè kékeré kan. Lọ́jọ́ Mọ́lúdù, òfì yẹn wà lẹ́yìn ẹṣin nígbà tí ẹ gùn ún. Ó ti di ìyàwó nígbà yẹn. Kí ni ìtanràn ẹni tó gun ìyàwó oníyàwó yí Gwagwalada po lọ́sàn-án gangan?"

Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó wo Ìyálóde.

"Ẹ má wò mí o, ẹjọ́ tí ẹ fẹnu yín dá ni," ni Ìyálóde wí. "Màmúdù, wọ yàrá Kábíyèsí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ fẹ́lẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Kó méjèèjì fún ẹṣin. Yínúsà, ṣé ó dínwó?"

"Ó dínwó gan-an ni, Ìyálóde!"

Láàárọ̀ yìí, ọyẹ́ mú bí ẹni tó ń jà. Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́yìn ààfin, mo gbọ́ ikọ́ burúkú, hòhò, hòhò. Mo ṣe bí ẹṣin ni, mo sáré lọ wò ó ní ilé Yínúsà nítòsí ibẹ̀. Ó ń jẹ koríko rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì Baálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ le koko.