Ó Ku Ìyípo Mẹ́wàá

"Ta ni páàdì wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ìbéèrè tí Baálẹ̀ Fáṣínà fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá láti Ìpakodò. Wọ́n ti kó tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù géèmù síwájú ìgbìmọ̀, òun àti ẹ̀rọ géèmù àti inverter tó ń gbé iná fún wọn. Inú kẹ̀kẹ́ márúwá ni wọ́n kó wọn sí wá láìpa iná. Ọkọ̀ pupa kan dúró gbọnin lójú tẹlifíṣọ̀n náà. Páàdì tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà nìkan ni a kò rí.

"Kí olùpẹ̀jọ́ sọ̀rọ̀."

Toheeb, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Industrial Estate, dọ̀bálẹ̀. "Kí ẹ pẹ́, Baba. Géèmù eré ìje ọkọ̀ ti Indianapolis l'Amẹ́ríkà ni. Igba ìyípo ni wọ́n ń sá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ipò kìíní parí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ló máa ṣojú Ìkòròdú ní Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Mo gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́. Ó ku ìyípo mẹ́wàá, èmi ni mo wà níwájú, ni wọ́n bá pe ìrun Jímọ̀. Mo dá eré dúró, mo ní kí Bólúwají bá mi di páàdì mú. Nígbà tí mo fi máa dé, ọkọ̀ mi ti kọjú sẹ́yìn."

"O ò lè tún un bẹ̀rẹ̀?"

"Wákàtí mẹ́ta ni, Baba, ṣọ́ọ̀bù ò sì ní pẹ́ tì. Bí inverter yìí bá kú, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Inverter ké lẹ́ẹ̀kan. Baálẹ̀ mi orí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń lọ lórí itan, bó ṣe máa ń lọ tó bá ń ka tẹ̀súbà.

"Bólúwají, ìwọ ńkọ́?"

Ọmọ Èjìnrìn ni Bólúwají, ọkọ̀ ojú omi ló ń wà. "Baba, lọ́jà wa l'Éjìnrìn, bí ẹnìkan bá ní kó o bá òun wo igbá ẹja, o ò kàn ní máa wò ó níran. Bí oníbàárà bá dé, wàá tà á. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mi, mo wà á."

"Kí ló dé tó o fi kọjú ẹ̀ sẹ́yìn?"

"Mò ń wá ọ̀nà àbájáde ni. Ọkọ̀ tó ti ń yí ibì kan náà po láti àárọ̀, kò já èrò, kò gbé èrò. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní èbúté Ìpakodò, wọ́n á pe ẹbí mi."

"Èrò mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí ẹyọ kan, Baba. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn."

"O rí ọ̀nà?"

"Ògiri ni wọ́n mọ yí gbogbo ẹ̀ ká. Àwọn èèyàn wá jókòó, wọ́n ń wo àwọn ọkọ̀ tó há síbẹ̀."

"Ìlú burúkú," Alhaji Fàsásì tó jókòó lápá ọ̀tún Baálẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lateefat, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù náà, jẹ́rìí. "Ó kọlu ọkọ̀ mẹ́rin. Ojú mi ló ṣe."

"Kò kọlu ìkankan," Ajíbọ́lá, oníbàárà rẹ̀, dá a lóhùn. "Gbogbo wọn ló yà fún un."

"Níbo lo wà, Ajíbọ́lá?"

"Ẹ̀yìnkùlé, Baba."

"O rí tẹlifíṣọ̀n láti ẹ̀yìnkùlé?"

"Mo gbọ́ ìró ẹ̀."

"Páàdì ńkọ́?"

"Bólúwají ti sọ ọ́ sọ́sà," Ajíbọ́lá ní.

"Mo kó gbogbo ẹ̀ wọlé pé, Baba," Lateefat ní. "Iwájú yín níbí ni mo kó o sí."

Inverter ké lẹ́ẹ̀mejì. Toheeb tún dọ̀bálẹ̀. "Baba, ẹ ṣàánú mi. Ọdún mẹ́ta nìyí tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Baálẹ̀ dá ẹjọ́.

"Toheeb, o fa nǹkan ẹ lé ọmọ Èjìnrìn lọ́wọ́, o ò sì sọ iye tó máa tà á. O jẹ̀bi. Bólúwají, o wá ọ̀nà níbi tí kò sí ọ̀nà. O jẹ̀bi. Ajíbọ́lá, etí lo fi ríran. O jẹ̀bi. Àṣẹ rèé: ẹni tí páàdì bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí ni yóò parí eré yìí, òun náà ni yóò lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò sí ìpẹ̀."

Ó fi àtàǹpàkò tẹ àṣẹ náà mọ́lẹ̀ lórí itan, bí ẹni ń lu òǹtẹ̀.

Ọkọ̀ pupa gbéra lójú tẹlifíṣọ̀n.

A wo ọkọ̀, a wo Baálẹ̀. Tẹ̀súbà rẹ̀ wà lọ́rùn. Páàdì dúdú náà ló wà lórí agbádá funfun rẹ̀, lórí itan, níbi tó ti wà láti ìgbà tí a ti jókòó.

Baálẹ̀ wo itan ara rẹ̀.

"Toheeb," ó ní, "èwo ni bíréèkì níbí?"