Yìnyín Ẹ̀ldà Japheth

Bí ẹ bá dé Thamesmead ní London tí ẹ kò tíì gbọ́ nípa Ẹ̀ldà Japheth Adédọ̀tun, ẹ fara balẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yóò sọ fún yín.

Òun ni míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tí ìjọ Mọ́mọ̀nì rán wá fi Yorùbá wàásù ládùúgbò wa, lọ́dún 2010. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Yìnyín tó ní òun rìn kọjá ni a ò mọ ibi tó máa ga dé. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, ó mu ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti gun orúnkún. Lọ́dún yìí, àyà ni. Arìnyìnyín-bí-ẹní-rìn-ní-pálọ̀! Ó kù díẹ̀ kó bò ó lórí, ká sì sinmi.

Ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yàrá fún àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo wa la ní orúkọ Auntie Níkẹ́ la máa kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni obìnrin yìí ń ṣe, ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ilé dé ilé ló ń wàásù. Ìdílé méjìlá ló mú wọ ìjọ. Nígbà tí Japheth gbọ́, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ ya wèrè.

"Ẹ má jẹ́ kí history sọnù o! Èmi ni pioneer yín. Diary mi wà ńlẹ̀."

Méjì-méjì ni àwọn míṣọ́nnárì wọn máa ń rìn, wọ́n sì máa ń kọ ohun tí wọ́n bá ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀. Japheth gbé ìwé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday, ó fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò ti ṣí i wò. Ó tún ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sára pátákó idẹ, ìṣó tí wọ́n máa fi kàn án sì wà lápò rẹ̀.

"Snow dé àyà mi! Èmi nìkan, láti Woolwich dé Crossness, títí mo fi kanlẹ̀kùn Auntie Patricia ní Belvedere, tí wọ́n gba Jésù. Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ka January tenth sétí ìjọ."

Auntie Patricia, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wọ awò ojú rẹ̀.

"'January 10. Snow dé ọrùn ẹsẹ̀. Mi ò jáde.'"

Japheth na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Ẹ ṣí page tó kàn, ma."

"Mi ò tíì kà á tán. 'Mo ní inú ń run mí. Companion mi ò lè dá jáde, rule ò gbà á, lòun náà bá jókòó tì mí. Sister Níkẹ́ gbé jollof wá fún wa nínú cooler. Wọ́n ní àwọn ń lọ wàásù fún nọ́ọ̀sì kan ní Belvedere. Mo ní kí wọ́n dárúkọ mi níbẹ̀. Jollof yẹn dùn, ẹran ló kéré.'"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Japheth ò tiẹ̀ lè rìn tó ogún.

"January eleventh!" ó kígbe. "Ẹ ka January eleventh!"

"'January 11. Inú ti san. Jollof ti tán.'"

Ìgbà yẹn ni Auntie Níkẹ́ dìde lẹ́yìn. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún ni, mo ti ń wá hankaṣíìfù.

"Japheth," ó ní, "cooler mi dà?"

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, orúkọ Auntie Níkẹ́ ló wà lára ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ti gbé kúlà jollof yẹn síbẹ̀ kí a tó dé, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Kò ní ìdérí.