Ohùn Tí Salimat Fi Ránṣẹ́ sí Àlàájà

"Ẹ jọ̀ọ́, ariwo kan ń da akọrin yín láàmú o!"

Fóònù Salimat ló sọ bẹ́ẹ̀. Salimat onídìrí ní Mafolúkù fẹ́ di olórí akọrin ẹgbẹ́ àsàlátù wọn lọ́nàkọnà. Àlàájà Àjíbíkẹ́, ìyá ẹgbẹ́, sì ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ipò náà fi ohùn ránṣẹ́. Ni Salimat bá wá ọgbọ́n àtọwọ́dá kan sórí fóònù, èyí tó ń kọ́ni lórin, tó tún ń báni fi ìlù sí i.

Ibi tó ti ń kọrin ni jẹnẹrétọ̀ lánlọ́ọ̀dù ti ń ké lẹ́yìn fèrèsé.

Gbù-gbù-gbù-gbù!

"Ohùn méjì ni mò ń gbọ́," fóònù wí. "Ọ̀kan dúró ire, ìkejì ń ṣáko lọ. Ṣé kí n yọ ariwo yẹn dànù?"

"Abẹ́g, yọ ọ́ jàre! Ó ti yọ mí lẹ́nu jù!"

"Mo ti yọ ọ́. Mo ti fi ìlù àti elégbè sí i."

Ayọ̀ ò jẹ́ kó dúró gbọ́ ọ. Fìrì, ó ti fi ránṣẹ́!

Lọ́jọ́ Àìkú, Àlàájà tan orin náà sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Salimat tún ìborùn ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun.

Gbù-gbù-gbù-gbù! Ìlù gbà á. Elégbè ní, "Àmín o!" Gbù-gbù!

Ohùn Salimat ńkọ́? Ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí i. Òun gan-an ni ariwo tí fóònù yọ dànù!

Yéè! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ o. Àwọn ìyá ti dìde, wọ́n ń mi èjìká. Ìyá Táíyé tiẹ̀ ń sunkún.

"Salimat," Àlàájà nu ojú, "ta ló ni ohùn iyọ̀ yìí?"

Ìtìjú bò ó. "Ẹ má bínú, mà. Jẹnẹrétọ̀ lánlọ́ọ̀dù wa ni."

Àlàájà sún mọ́ ọn.

"Ṣé ó máa ń ráyè lọ́jọ́ Máólúdì?"

Háà! Ẹ gbà mí!

Nígbà tí Máólúdì dé, orí kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n gbé olórí akọrin kalẹ̀ sí, wọ́n gbé máìkì sí i lẹ́nu. Wọ́n ṣáà fún Salimat náà nípò: òun ló ń fa okùn. Ó fi ìbínú fà á, fààà!

"Jẹ́jẹ́!" Àlàájà jágbe mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ kí ohùn rẹ̀ há ni?"