Orúkọ Tí Sìrájù Ń Wá Lẹ́nu Ìyàwó

Bí ẹ bá pàdé Sìrájù ní Ìlọrà, ẹ má pè é ní Sìrájù, kò ní dáhùn. Àléébù tirẹ̀ ni pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò tó o. Ìwé ìtàn àtijọ́ ló kó bá a. Ó ka ti àwọn ọdẹ tí orúkọ ẹnì kan ń gba ìlà mẹ́ta, ni òun náà bá di Ìjì-wọlé-kò-kan-ìlẹ̀kùn. "Orúkọ gígùn sàn ju wúrà àti fàdákà lọ," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Nígbà tí Abdussalam, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé Tahirah níyàwó láti Akínmọ̀ọ́rìn, inú Sìrájù dùn ju ti ọkọ ìyàwó lọ. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ; òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ fún un, èyí tó bá sì sọ, ó di ti ayérayé. Ẹ wo Bàbá Uthman, àbúrò bàbá wọn. Irùngbọ̀n wọn ti funfun, wọ́n ti dé Mẹ́kà, síbẹ̀ Fìka-lá-ìkòkò ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí ìyàwó kan ká wọn mọ́ ìdí ọbẹ̀ ní kékeré.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Sìrájù ní kí ìyàwó wo igẹ̀ òun.

"Ìyàwó wa, ṣé o ti gbọ́ bí mo ṣe fọwọ́ lásán mú ẹkùn lóko?"

"Háà! Ẹkùn kẹ̀, bọ̀ọ̀dá?"

"Ewúrẹ́ Àníkẹ́ aládùúgbò wa ni!" Hàwáù, ìyá Sìrájù, ló ké bẹ́ẹ̀ láti ìdí gààrí. "Ó sì kàn án ṣubú."

Sìrájù wúkọ́. Ó ní irú ẹkùn kan wà tó máa ń hu ìwo.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni Tahirah ní òun máa sọ Sìrájù lórúkọ. Ilé kún. Sìrájù jókòó síwájú pẹ̀lú agbádá nínú ooru. Ni nǹkan kan bá ń jà ràì-ràì nínú àpò àgbàdo.

"Ejò!" ni àwọn obìnrin pariwo.

Inú Sìrájù dùn! Ó fa àdá yọ. "Ẹ yà fún mi! Èmi Ìjì-wọlé-kò-kan..."

Kò tíì pe orúkọ náà tán tí alángbá kan fi fò jáde, tó gba igẹ̀ rẹ̀ gòkè, tó sì wọnú agbádá. Yéè! Nígbà tí a ó fi mọ̀, Sìrájù, odidi ọkùnrin onírùngbọ̀n, ti wà lẹ́yìn Hàwáù tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ku gààrí, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìyá rẹ̀ níbàdí.

"Sìrájù, sọ̀ kalẹ̀! Ìbàdí mi o!"

"Ìyá mi, ṣé ó ti lọ?"

Ó ti lọ. Ó wà lára ògiri, ó ń mi orí sí wọn.

Tahirah kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò ní bínú. Akọni-tó-gun-ẹ̀yìn-ìyá-ẹ̀-nítorí-alángbá."

Bàbá Uthman rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ré bọ́ láti orí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa burú ju tiwọn lọ.

Ojú ti Sìrájù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nírọ̀lẹ́, ó yọ́ lọ bá Tahirah nídìí ààrò. "Ìyàwó wa, nítorí Ọlọ́run, bá mi yí i padà."

"Kì í ṣeé yí padà, bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n àánú yín ṣe mí. Mo lè bá yín gé e kúrú."

"Àlùbáríkà ni fún ọ! Gé e! Gé e!"

Tahirah gbé àwo oúnjẹ lé e lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jókòó kí ẹ jẹun, Alángbá."